Lẹ́tà sí Àkànní: Àwọn Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Wọn, Àwọn Tí Wọn Ò Kọ

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ti fi fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ hàn mí, èyí tó o ti wọ aṣọ ṣọ́jà Ìlú Ọba pẹ̀lú àmì ìgbéga tuntun. Bàbá rẹ ń ṣe bí ẹni tí kò kà á sí, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó wọlé láti ìjẹta tí kò fi fọ́tò náà hàn. Kú oríire o. Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ.

Ìbéèrè tó o bi mí lórí fóònù kì í ṣe ohun tí mo lè dáhùn láàbọ̀ ẹnu, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò. O ní wọ́n sọ ìtàn àwọn tó gba Victoria Cross fún yín ní bárékè, o wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé irú tiwa náà gbà á rí?" Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá ìdáhùn náà dúró síbẹ̀, ìdajì ìtàn ni mo sọ fún ọ. Ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdajì tó kù yìí ló sì máa ń ká mi lára jù nígbàkigbà tí mo bá dé ìdí rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mẹ́dà náà jẹ́. Ọbabìnrin Victoria ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1856, nígbà tí ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé bá Rọ́ṣíà jà ní Crimea ń parí lọ. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn ọ̀gá àgbà ni oyè ńláńlá ogun máa ń já mọ́ lọ́wọ́. Victoria Cross la ọ̀nà mìíràn. Ipò kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀, iye ọdún tí èèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan, ohun tó ṣe lójú ọ̀tá nìkan ni wọ́n ń wò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1857, Ọbabìnrin jókòó sórí ẹṣin ní Hyde Park, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi mẹ́dà náà há èèyàn 62 láyà. Àwọn tó ti gbà á láti ìgbà náà títí di òní lé ní 1,350.

Idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́, kì í ṣe wúrà, kì í ṣe fàdákà. Àgbélébùú ni, kìnnìún dúró lórí adé láàárín rẹ̀, rìbọ́ǹnù rẹ̀ sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ilé iṣẹ́ Hancocks ní London ló ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá ráyè dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun tó wà ní Chelsea, má wo iwájú rẹ̀ nìkan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o bèèrè. Wọ́n fín orúkọ ẹni tó gbà á sára ọ̀pá tí rìbọ́ǹnù gbà kọjá, wọ́n sì fín ọjọ́ tó ṣe ohun náà sí àárín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, £10 lọ́dún ni owó tó ń bá a rìn fún àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá. Lọ́dún 2015, wọ́n gbé e dé £10,000.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé ẹni tó bá pa èèyàn jù ló ń gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn mẹ́ta péré ló gba Victoria Cross lẹ́ẹ̀mejì nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, dókítà sì ni méjì nínú wọn. Ọ̀kan nínú dókítà méjèèjì, Noel Chavasse, ni mo fẹ́ kó o mọ̀ dáadáa. Eléré ìje ni, ó sáré ní Òlíńpíìkì ọdún 1908. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀, ó di dókítà fún àwọn ọmọ ogun Liverpool Scottish. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1916, ní Guillemont ní ilẹ̀ Faransé, ó wà níta gbangba látàárọ̀ dalẹ́ níbi tí ọta ìbọn ti ń rọ̀ bí òjò, ó ń di ọgbẹ́ àwọn tó ṣubú. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, kò lọ sùn. Wákàtí mẹ́rin ló fi ń wá àwọn tó ṣì ń mí kiri níwájú kòtò àwọn ará Jámánì. Lọ́jọ́ kejì, ó bá wọn gbé ẹnì kan tí ọgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ jáde, àfọ́kù bọ́ǹbù sì bá òun náà. Lóru ọjọ́ yẹn kan náà, ó kó èèyàn 20 tó fínnúfíndọ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àwọn mẹ́ta tó fara gbọgbẹ́ jáde láti inú ihò kan tí kò ju ìgbésẹ̀ bíi 25 sí ibi tí ọ̀tá wà. Ó sin òkú àwọn ọ̀gá méjì. Ó sì já àwo kékeré tí ṣọ́jà máa ń so mọ́ ọrùn kúrò lọ́rùn àwọn òkú mìíràn, ó kó wọn dání bọ̀.

Àwo kékeré yẹn, Àkànní, orúkọ ni wọ́n kọ sí i. Ọkùnrin yìí wà lábẹ́ ìbọn lóru, ó sì tún ronú pé ó yẹ kí ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ ibi tí ọmọ wọn sùn sí. Nínú gbogbo ohun tó ṣe lóru méjèèjì, èyí ni mo kà sí títóbi jù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítòsí Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n ta á lọ́gbẹ́ lórí níbẹ̀rẹ̀ ìjà, ó kọ̀ kò kúrò, ó sì ń jáde lọ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ wọlé fún ọjọ́ méjì láìrí oúnjẹ jẹ dáadáa. Ọgbẹ́ ló pa á ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1917. Lẹ́yìn tó ti kú ni wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ó kan irú tiwa wàyí. Ẹni dúdú tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé ni William Hall, atukọ̀ ojú omi láti Nova Scotia ní Kánádà. Ẹrú tó rí òmìnira gbà ni àwọn tó bí i. Ní Lucknow, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1857, òun àti ọ̀gá kan ló ṣẹ́ kù nídìí ìbọn ńlá wọn, gbogbo àwọn tó kù ti kú tàbí kí wọ́n ti fara gbọgbẹ́, àwọn méjèèjì sì ń yìn ín lọ títí ògiri fi wó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Samuel Hodge, ọmọ erékùṣù Tortola, tó fi àáké gé odi igi ìlú kan ní Gáḿbíà lọ́dún 1866 lójú ìbọn. Ọ̀gbẹ́ni William Gordon, ọmọ Jàmáíkà, náà wà ní Gáḿbíà lọ́dún 1892. Ó rí i pé wọ́n ti yọ ẹnu ìbọn láti inú ihò ògiri sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ti ọ̀gá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọta sì wọ ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀. Ó yè é. Ṣó o rí i pé ọmọ Àríwá Amẹ́ríkà àti ti erékùṣù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Màá padà sórí èyí láìpẹ́.

Ti Johnson Beharry ni yóò yé ọ jù, torí pé irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe ló ṣe, ó sì wà láàyè títí di àkókò tí mò ń kọ̀wé yìí. Ọmọ Grenada ni. Ó dé Ìlú Ọba lọ́dún 1999, ó wọṣẹ́ ṣọ́jà lọ́dún 2001, wọ́n sì fi í ṣe awakọ̀ Warrior, ọkọ̀ ogun onírin tó ń fi ẹ̀wọ̀n rìn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ní Al-Amarah ní ilẹ̀ Ìráàkì, ọkọ̀ tirẹ̀ ló ṣíwájú nígbà tí wọ́n kó sí ibùba. Rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀gá rẹ̀ fara gbọgbẹ́, ẹni tó ń yìnbọn fara gbọgbẹ́, rédíò bàjẹ́, èéfín gba inú ọkọ̀ kan. Kò gbóhùn ẹnikẹ́ni mọ́, kò mọ ẹni tó kú, kò mọ ẹni tó yè. Wọ́n ti fi nǹkan dí ojú títì níwájú rẹ̀, bọ́ǹbù sì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ọkọ̀ gba àárín ìdènà náà kọjá, àwọn ọkọ̀ yòókù sì rọ́nà tẹ̀ lé e. Nígbà tí kò ríran mọ́, ó ṣí ìdérí, ó yọ orí síta, ó ń wakọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fún nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀ nígbà tí ọta ń fò kọjá lójú rẹ̀. Ọ̀kan bá akoto irin orí rẹ̀. Ó wọ inú rẹ̀, ó há síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó, ìjà kò tíì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ó gun orí ọkọ̀ tó ń jó, ó gbé ọ̀gá rẹ̀ jáde, ó gbé e lọ sínú ọkọ̀ mìíràn. Ó padà wá gbé ẹni tó ń yìnbọn. Ó tún padà wá kó àwọn ṣọ́jà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ jáde. Ó tún wọ inú ọkọ̀ náà nígbà kẹrin, ó wà á lọ síbi tí ọ̀tá kò ti ní lè rí i gbà. Ìgbà tó jáde ni àárẹ̀ mú un, ó sì dákú. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹfà, rọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn bú gbàmù ní nǹkan bí ìka mẹ́fà sí orí rẹ̀. Pẹ̀lú agbárí tó fọ́ àti ẹ̀jẹ̀ tó dí i lójú, ó fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ náà jáde kúrò nínú ibùba, ó kọ lu ògiri, kò sì mọ nǹkan kan mọ́. Wọn ò pàdánù ẹ̀mí kankan nínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́dún 2005, Ọbabìnrin Elizabeth fi mẹ́dà há a láyà. Láti ọdún 1969, kò sí ẹni tó wà láàyè gbà á kó tó kàn án. Àwọn méjì tó gbà á nínú ogun Falklands lọ́dún 1982, lẹ́yìn ikú wọn ló dé.

Mi ò fẹ́ kó o rò pé ìtàn náà parí síbẹ̀, torí Beharry fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó jáde sí gbangba lọ́dún 2009, ó sọ fún gbogbo ayé bí ogun náà ṣe tẹ̀ lé òun wálé: orí fífọ́, ẹ̀yìn dídùn, àlá burúkú lóru, àti bí òun ṣe dé ibi tí òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Lẹ́yìn náà ló dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ jàǹdùkú. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́dún 2009 yẹn, mo kà á sí ìgboyà kan náà pẹ̀lú èyí tó fi hàn ní Al-Amarah. Àwọn àgbà ní ọmọdé ò mọ ogun, ó ní kógun ó wá, ó ní bógun bá dé òun á kó sí yàrá ìyá òun. Ìwọ ti kúrò lọ́mọdé. Bí ohun tí ojú rẹ bá rí níbi iṣẹ́ bá wúwo jù fún ọ, sọ ọ́ jáde. Pè mí, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru.

Ìdajì tó kù nìyí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn tí mo ní màá padà sí. Lọ́dún 1903, nígbà tí Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá Nàìjíríà, ń fi ogun gba Kano àti Sokoto, ọ̀gá ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Wallace Wright, ọmọ ọdún 27, gba Victoria Cross ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Rawia, ní ilẹ̀ Hausa. Ìwé tí ìjọba fi kéde rẹ̀ sọ pé òun, ọ̀gá kan péré, àti ọkùnrin 44 ló dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n kojú 1,000 ẹlẹ́ṣin àti 2,000 ẹlẹ́sẹ̀ fún wákàtí méjì, tí wọ́n sì lé wọn padà. Wright di ọ̀gágun lẹ́yìn náà, ó tún wọ ilé aṣòfin ní Ìlú Ọba. Ṣọ́jà Northern Nigeria Regiment ni àwọn 44 náà, ọmọ ilẹ̀ yìí. Wákàtí méjì tí Wright fi dúró ni àwọn náà fi dúró. Ẹṣin tó ń sáré bọ̀ wá bá a náà ló ń sáré bọ̀ wá bá wọn. Kò sí orúkọ ẹnì kan nínú wọn nínú ìwé náà. Iye wọn ni wọ́n kọ.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí n kò lè fò. Àwọn ẹlẹ́ṣin Kano yẹn, ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Wọ́n ń sáré bọ̀ wá síwájú ìbọn ìgbàlódé, ìgbì kan á wó, ìgbì mìíràn á tún dìde. Ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ìgbà tí wọ́n padà sẹ́yìn pàápàá, wọn ò tú ká. Ta ló fún wọn ní mẹ́dà? Orílẹ̀-èdè tó bá ń fi àmì-ẹ̀yẹ fúnni, àwọn tó jà fún un ló ń fún, mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, tó o sì ń wọ aṣọ ọba Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ó yẹ kó o mọ̀ pé akíkanjú wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, lọ́jọ́ náà.

Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù lọ́dún 1914. Ọ̀gá kan, John Butler, wọ inú igbó kìjikìji pẹ̀lú ọkùnrin 13 láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n kojú èèyàn bí 100, wọ́n sì gba ìbọn arọ̀jò-ọta lọ́wọ́ wọn. Butler gba Victoria Cross. Ó tọ́ sí i, mi ò sọ pé kò tọ́. Àwọn 13 ńkọ́?

Wàyí o, ogun Hítílà. Bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 90 ni ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Burma láti lọ bá Jàpáànù jà, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan gba Military Medal. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kò gba Victoria Cross. Kì í ṣe pé ogun Burma kò ní i, torí wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọmọ Íńdíà àti Nepal níbẹ̀. Láti ọdún 1911 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ilẹ̀kùn mẹ́dà yìí fún ṣọ́jà Íńdíà, tí Khudadad Khan sì kọ́kọ́ gbà á lọ́dún 1914. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú Chindits, àwọn ọmọ ogun tí ọ̀gágun Wingate kó wọ ẹ̀yìn ọ̀tá lọ́dún 1944. Nínú Chindits kan náà ni Tul Bahadur Pun, ọmọ Nepal, wà. Ní Mogaung, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ti ṣubú, ó gbé ìbọn Bren, ó sì nìkan sáré gba inú ẹrẹ̀ tó dé kókósẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀tá nínú ilé tí wọ́n fara pamọ́ sí. Ó gba ìbọn arọ̀jò-ọta méjì. Wọ́n fún un ní Victoria Cross, ó sì yẹ ẹ́. Síbẹ̀, lọ́dún 2007, nígbà tó ti darúgbó tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ fún un láti wá gbé ní Ìlú Ọba. Àfìgbà tí ariwo ta kí wọ́n tó gbà fún un.

Àwọn tó lọ Burma láti ilẹ̀ Yorùbá pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀. Isaac Fadóyèbọ̀ ni, ọmọ Emùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú aláìsàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, létí odò Kaladan, ìbọn àwọn Jàpáànù ká wọn mọ́. Wọ́n fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọta tún bá a nínú. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló kù nínú igbó. Àwọn ará abúlé kan tó wà nítòsí ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní bòńkẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman kó àwọn méjèèjì sínú ilé ara rẹ̀. Bí ọwọ́ àwọn Jàpáànù bá tẹ̀ ẹ́, òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò pa. Oṣù púpọ̀ ló fi bo àwọn àjèjì méjì mọ́lẹ̀, títí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé agbègbè náà ní ìparí ọdún 1944.

Fadóyèbọ̀ padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò gún mọ́ títí ayé rẹ̀. Kò gba mẹ́dà ńlá kankan, Shuyiman kò gba ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n Fadóyèbọ̀ ṣe nǹkan kan. Ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dárúkọ Shuyiman. Ìwé yẹn ló mú kí oníròyìn kan láti Ìlú Ọba, Barnaby Phillips, wá a kàn, tó sì gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ dé Burma lọ́dún 2011, tó bá àwọn ọmọ Shuyiman nílé. Fadóyèbọ̀ kú lọ́dún 2012, ó ti gbọ́ kí ó tó kú pé lẹ́tà náà dé ọwọ́ wọn. Mẹ́dà wo ló ṣe ju èyí lọ fún àgbẹ̀ kan?

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní tiwọn, wọ́n ń pè é ní Medal of Honor. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tó wọ aṣọ ṣọ́jà nígbà ogun Hítílà. Wọ́n fún èèyàn tó lé ní 400 ní mẹ́dà náà, kò sí dúdú kan nínú wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1945, ní Castle Aghinolfi ní Ítálì, Vernon Baker, ọ̀kan nínú àwọn dúdú náà, kó èèyàn bíi 25 lọ sí orí òkè ibẹ̀. Ó ń pa ihò ìbọn àwọn ará Jámánì rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá rẹ̀ aláwọ̀ funfun ní òun ń lọ wá ìrànlọ́wọ́ wá. Ìrànlọ́wọ́ kò dé. Ṣàṣà nínú àwọn èèyàn rẹ̀ ló bá a sọ̀ kalẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ tó kéré sí i ni wọ́n fún un. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn wá tú ìwé palẹ̀ ní ọdún 1993 síwájú, wọ́n rí i pé àwọ̀ ara ló dí ọ̀nà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1997, Ààrẹ Clinton pe èèyàn méje. Mẹ́fà ti di olóògbé. Baker, tó ti pé ọmọ ọdún 77, nìkan ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ti Henry Johnson, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú mìíràn, tún pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ó jà ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1918, ó kú lọ́dún 1929, ọdún 2015 ni Obama tó fún un. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

O ti rí ibi tí mò ń lọ. Kí mẹ́dà tó dé ọwọ́ èèyàn, ojú ọ̀tọ̀ ní láti rí ohun tó ṣe, ọwọ́ ọ̀tọ̀ ní láti kọ ọ́, ọ̀gá kan ní láti buwọ́ lù ú, òmíràn yóò tún buwọ́ lù ú, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọba. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó wò, tàbí tí ẹni tó wò kò ka ẹni náà sí èèyàn tó yẹ kí á kọ̀wé nípa rẹ̀, ìgboyà náà wà, ìwé ni kò sí. Gordon àti Hodge rí i gbà torí pé ọ̀gá wọn wò, ó sì kọ. Àwọn 44 ti Rawia, wọ́n wò wọ́n, wọ́n kà wọ́n, wọn ò kọ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan dá ọ lóhùn.

Mi ò gbàdúrà kó o gba Victoria Cross, Àkànní. Ìyá rẹ kò ní dárí jì mí bí mo bá gbà á ládùúrà, torí ibi tí wọ́n ti ń gbà á kì í ṣe ibi tí òbí ń fẹ́ kí ọmọ wọn dé. Àdúrà mi ni kó o padà sílé lódindi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó wà ní ìkáwọ́ rẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ti wà lábẹ́ rẹ báyìí. Ọmọ Gánà lè wà níbẹ̀, ọmọ Fiji, ọmọ Nepal, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní alágbàwí kankan. Ìwọ ni wọn yóò máa bi pé kí lo rí. Ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò, má jẹ́ kó kúrò lára rẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe ohun tó yẹ kí á gbọ́, kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an kí o tó sùn: orúkọ rẹ̀ lódindi, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago tó lù, àti ẹni tó tún wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí. Gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ. Bí ó bá gbé e tì, tún un kọ, kí o tún gbé e lọ. Bí wọ́n bá ti ń kọ ìròyìn iṣẹ́ tí ẹ ṣe, tí o sì rí i pé wọ́n kọ "ọkùnrin mẹ́jọ" síbẹ̀, ní kí wọ́n fún ọ láyè láti kọ orúkọ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Jọ̀ọ́, pe ìyá rẹ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ìgbà méjì ni òun pè ọ́ tí o kò gbé e.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.